Bí Ọmọ Girama Ṣe Lè Wọ Ìdíje Kóòdù àti Olympiad, Láti Ẹnu Olùkọ́ Ìṣirò Kan

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí ní gbogbo ìpàdé òbí àti olùkọ́: "Ma, lẹ́sìn wo ni kí n fi ọmọ mi sí kó lè máa ṣe olympiad?" Olympiad ni ìdíje tí àwọn ọmọ girama ti ń yanjú ìbéèrè tó le gan-an, ti ìṣirò tàbí ti kọ̀ǹpútà. Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. N kò mọ lẹ́sìn kankan tó ń sọ ọmọ di olùdíje. Ohun tó ń sọ ọmọ dà á ni nǹkan tó bá ṣe ní ọjọ́ kejì ìdíje, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ gbá bọ́ọ̀lù, tí ìbéèrè tó jẹ ẹ́ níyà lánàá ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Èmi ni mo ń bójú tó ẹgbẹ́ kóòdù wa, níbi tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Kọ̀ǹpútà wà ní láàbù wa, díẹ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́, ìyókù la fi ń gbé ìwé lé. Iná kì í sábà wà lásìkò tí a bá fẹ́ ẹ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi ni mo fẹ́ sọ.

Orúkọ ìdíje pọ̀, àmọ́ oríṣi méjì náà ni gbogbo wọn: ti bírò àti ti kọ̀ǹpútà. Olórí ti bírò ni IMO, ìdíje ìṣirò àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Romania lọ́dún 1959. Ọmọ 6 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú lọ, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ti wọ yunifásítì nínú wọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Lójoojúmọ́, ìbéèrè mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, máàkì 7 fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un kà: ìbéèrè mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ọmọ tí WAEC ti mọ́ lára, tó ń ṣe ọbujẹ́tíìfù 50 láàárín wákàtí kan ààbọ̀, á kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nílẹ̀ Áfíríkà, a ní PAMO tiwa, ìdíje ìṣirò gbogbo Áfíríkà, tó ti wà láti 1987. Ní Nàìjíríà, National Mathematical Centre tó wà ní Sheda, lágbègbè Àbújá, ló ń ṣètò olympiad ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ girama, ìpele dé ìpele, ilé-ẹ̀kọ́ ló sì ń fa ọmọ kalẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ tètè lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù àkọ́kọ́, kí ẹ béèrè bóyá lẹ́tà ti dé. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí lẹ́tà ìdíje ti sùn sínú dúrọ́ọ̀ títí ọjọ́ fi kọjá. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún àwọn ọmọ náà. Ẹni tó yẹ kó béèrè ni kò béèrè.

Cowbellpedia, ìdíje ìṣirò tí àwọn ọmọ ti wò lórí tẹlifíṣọ̀n, dára, mi ò bá a jà. Eré ìyára ni, ó sì ń jẹ́ kí ìṣirò wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó yára tẹ agogo lè jókòó síwájú ìbéèrè IMO kan fún wákàtí méjì kó má mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Olórí ti kọ̀ǹpútà ni IOI, ìdíje kóòdù àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní Bulgaria ní 1989. Ọmọ 4 ni orílẹ̀-èdè kan ń mú lọ. Ọjọ́ méjì náà ni, wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ìbéèrè mẹ́ta lójúmọ́, máàkì 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600. Ó ti wá sí Áfíríkà rí, Íjíbítì gbà á lálejò ní Cairo ní 2008 àti ní Alexandria ní 2024.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ kankan fetí sí. Àwọn ìdíje kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba àṣẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì gba kọ́bọ̀. USACO jẹ́ ti Amẹ́ríkà, àmọ́ ọmọ ibikíbi lè wọ̀ ọ́. Àkókò ọyẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ló ní: Bronze, Silver, Gold, Platinum. Bronze ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí máàkì rẹ bá tó, wọ́n á gbé ọ gòkè. Codeforces ń ṣe ìdíje lọ́pọ̀ ìgbà lóṣù, ó sì ń fún olúkúlùkù ní rating, nọ́ńbà kan tó ń lọ sókè sódò bí o bá ṣe ń ṣe sí. AtCoder jẹ́ ti Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní Beginner Contest ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn ọmọ mi, nítorí ọjọ́ Sátidé ló máa ń bọ́ sí, aago kan ọ̀sán tiwa, ìyẹn ni pé kò bá ilé-ẹ̀kọ́ pàdé. Òde ìnáwó nìkan ló lè dí i lọ́wọ́. CSES ti ilẹ̀ Finland kì í ṣe ìdíje, àkójọ ìbéèrè ni, tí ẹ̀rọ wọn yóò yẹ iṣẹ́ rẹ wò lójú ẹsẹ̀, yálà ó gbà á tàbí kò gbà á. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bírò kan hàn yín ná, torí ó ṣe pàtàkì kódà fún ọmọ tó fẹ́ kóòdù nìkan. Fi hàn pé tí a bá fi nọ́ńbà odidi mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn ṣe táìmùsì, 6 á pín èsì rẹ̀ láìṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ ọ́ báyìí: 1 × 2 × 3 jẹ́ 6, 2 × 3 × 4 jẹ́ 24, 3 × 4 × 5 jẹ́ 60, nítorí náà òótọ́ ni. Òdo ni iye tí wọ́n máa gbà. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni wọ́n yẹ̀ wò, nọ́ńbà kò sì lópin. Ohun tí olympiad ń béèrè ni ìdí. Tí èèyàn bá ń ka nọ́ńbà lọ, lẹ́yìn méjì tí 3 kò lè pín, èyí tó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí 3 lè pín, torí náà ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà nínú mẹ́ta yòówù tó bá tẹ̀lé ara wọn. Nínú méjì tó tẹ̀lé ara wọn pàápàá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí 2 lè pín. Bí 2 bá ti wà nínú èsì náà, tí 3 náà wà níbẹ̀, 6 ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Gbólóhùn mẹ́ta ni, kò sí fọ́múlà kankan tí wọ́n há sórí. Mo máa ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní irú ìbéèrè yìí, kí n wo ojú rẹ̀. Èyí tó bá bínú pé "Ma, ẹ ò tíì kọ́ wa" ṣì nílò sùúrù. Èyí tó bá mú bírò tó ń fa ìlà kiri, mo ti rí ti wa.

Èdè kóòdù wo? C++. Mo mọ̀ pé Python rọrùn, USACO sì ń gbà á, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lè fi ṣe Bronze. Àmọ́ Python kì í yára tó, ní IOI àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, C++ nìkan ni wọ́n sì ń lò. Kí ọmọ má baà kọ́ ilé lẹ́ẹ̀mejì, C++ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò nílò gbogbo èdè náà. Bí a ṣe ń gba nọ́ńbà wọlé, bí a ṣe ń kọ èsì jáde, if, for, while, vector àti sort, ìyẹn ti tó fún oṣù mélòó kan.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Fóònù Android ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Cxxdroid, tó bá ti wà lórí fóònù, o lè kọ C++ kó o sì mú un ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, kì í jẹ dátà bíi fídíò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń da ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún kọ sórí bébà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ń fún wọn ṣe ní ọwọ́. Nígbà tí iná bá dé, tàbí tí ẹnìkan bá ní dátà, a ó fi ránṣẹ́. Inú mi kì í bàjẹ́ sí ti àìsí iná yẹn tó bí ẹ ṣe rò, torí ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà níwájú yóò ronú kó tó tẹ nǹkan. Èyí tó ní i á kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní CSES ń jẹ́ Weird Algorithm. Wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà kan. Tó bá jẹ́ èyí tí 2 lè pín, fi 2 pín in. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe é ní ìlọ́po 3, kó o fi 1 kún un. Máa ṣe é lọ títí wàá fi kan 1, kó o sì kọ gbogbo nọ́ńbà tó o bá gbà kọjá. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe ti 3: 3, 10, 5, 16, 8, 4, 2, 1. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó kọ ọ́ ní kóòdù:

#include <iostream>
using namespace std;
int main() {
    long long n;
    cin >> n;
    cout << n;
    while (n != 1) {
        if (n % 2 == 0) n = n / 2;
        else n = 3 * n + 1;
        cout << " " << n;
    }
}

Ẹ wo ibi tí mo kọ long long sí. Àpótí tí C++ ń fi nọ́ńbà sí ni int àti long long, àmọ́ long long ló tóbi jù. Ọmọ tó bá kọ int síbẹ̀ á dán 3 wò, yóò dáa. Á dán 7 wò, yóò dáa. Á fi ránṣẹ́, wọ́n á ní kò yege, á wá máa sọ pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Nọ́ńbà tó tóbi jù tí int lè gbà ni 2,147,483,647. Wọ́n sì sọ nínú ìbéèrè pé nọ́ńbà tí wọ́n máa fún ọ lè tó mílíọ̀nù kan. Tó bá jẹ́ 113,383 ni wọ́n fún ọ, ó máa gòkè dé 2,482,111,348 kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí 1. Ó ti ju int lọ, nọ́ńbà náà á sì dàrú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún wọn pé ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìbéèrè, níbi tí wọ́n ti kọ bí nọ́ńbà ṣe lè tóbi tó, ni kí wọ́n fi bírò yí ká kí wọ́n tó ka ìtàn tó wà lókè.

Ìlà kékeré yẹn náà ló ń sọ ọ̀nà tó yẹ kéèyàn gbà. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà 200,000, wọ́n ní kó o wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ iye kan pàtó. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni kéèyàn yẹ gbogbo méjì-méjì wò. Bí ẹni tó ní kí gbogbo àlejò ibi ìgbéyàwó bọ ara wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ilẹ̀ á ṣú. Ó tó bílíọ̀nù 20 méjì-méjì. Kọ̀ǹpútà lè ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 iṣẹ́ kéékèèké láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n sì fún ọ. "Time limit exceeded" ni wàá rí, ìyẹn ni pé àkókò rẹ ti kọjá.

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ẹ mú bébà. Nọ́ńbà wa ni 3, 9, 4, 12, 6, iye tí a ń wá ni 13. Tò wọ́n láti kékeré sí ńlá: 3, 4, 6, 9, 12. Fi ìka kan sórí 3, fi ìka kejì sórí 12. Àròpọ̀ jẹ́ 15, ó pọ̀ jù, ìka ọ̀tún sún sí 9. 3 àti 9 jẹ́ 12, kò tó, ìka òsì sún sí 4. 4 àti 9 jẹ́ 13, ó parí. Ìka òsì kì í padà sẹ́yìn, ti ọ̀tún náà kì í padà, torí náà bí nọ́ńbà bá jẹ́ 200,000, wọn ò lè rìn ju ìṣísẹ̀ 200,000 lọ. Títò wọ́n ló gba àkókò díẹ̀, sort inú C++ yóò sì ṣe ìyẹn kíá. Tí ìbéèrè bá ní kó o sọ ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, fi ipò kọ̀ọ̀kan pa mọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ kó o tó tò wọ́n. Nílé-ẹ̀kọ́ wa, ìka gidi la fi ń ṣe èyí, orí tábìlì, lórí bébà tí a gé. Ọmọbìnrin kan ní SS2 ló bi mí pé, "Ma, kí ló mú un dá wa lójú pé a ò tíì fo èyí tó tọ́?" Mi ò dáhùn, mo ní kó lọ rò ó wá. Ìbéèrè tó bi mí yẹn ni olympiad gan-an.

Ní ọjọ́ ìdíje, kí ọmọ ka gbogbo ìbéèrè tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tó rọrùn jù. Ní IOI àti irú rẹ̀, wọ́n máa ń pín ìbéèrè sí wẹ́wẹ́: máàkì díẹ̀ tí nọ́ńbà kò bá pọ̀, máàkì sí i tó bá pọ̀, títí dé 100. Ọmọ wa kì í fẹ́ gba díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́. Á lo wákàtí mẹ́ta lórí 100 kan, á sì jáde pẹ̀lú òdo. Yíyẹ gbogbo méjì-méjì wò tí mo bú lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó lè mú máàkì ìpín kékeré wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbà á kó o tó wá èyí tó kù. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń lọ IOI ló ń gba góòlù, fàdákà tàbí idẹ, púpọ̀ nínú wọn kò sì yanjú gbogbo ìbéèrè.

Ó wá ku ọjọ́ kejì. Ìbéèrè tí ọmọ kò lè ṣe nínú ìdíje, kó padà sí i láìwo àlàyé ẹnikẹ́ni, ó kéré tán wákàtí kan, pẹ̀lú bébà. Tí kò bá yọ, kó ka àlàyé tí àwọn tó ṣe ìdíje náà máa ń gbé jáde, àmọ́ kó dúró níbi tó bá ti rí ohun kan tí kò rò tẹ́lẹ̀. Kó pa á dé. Kó fi ìyẹn tún gbìyànjú. Tó bá ka á tán pátápátá, kó má da kóòdù ẹlòmíì kọ, kó pa gbogbo rẹ̀ dé, kó kọ tirẹ̀ láti orí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo máa ń gbé ìbéèrè kan náà padà fún wọn láìkìlọ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó yé. Olúkúlùkù wọn ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ohun mẹ́ta sí lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó bá lé wọn: ohun tí mo kọ́kọ́ rò, ohun tó jẹ́ gan-an, àti ọ̀rọ̀ wo nínú ìbéèrè ló yẹ kó ta mí lólobó. Ẹ̀kẹta yẹn ló ṣòro jù láti kọ, òun náà ló sì níye lórí jù. Mo ti rí "gbogbo nọ́ńbà ò ju 100 lọ, ó yẹ kí n kà wọ́n sínú àpótí 100" nínú ìwé ọmọ JSS3, mo sì yọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní owó oṣù.

ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: USACO àti Codeforces kò gbà kí wọ́n bá ọmọ ṣe ìdíje, wọ́n sì ń yọ èèyàn nítorí rẹ̀. Nínú ìdánrawò, ẹ jẹ́ kí ọmọ lò ó láti béèrè ìdí tí compiler, ìyẹn ètò tó ń tú kóòdù sí èdè kọ̀ǹpútà, fi ń pariwo pé àṣìṣe wà. Kó má bi í ní ìdáhùn.

Ẹ̀yin òbí, JSS3 tàbí SS1 ló dáa láti bẹ̀rẹ̀. Tó bá di SS3, WAEC àti JAMB á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi í pé "ipò kelòó lo ṣe?" Rating máa ń já wálẹ̀, kódà ti àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ẹ bi í pé èwo nínú ìbéèrè ló dùn jù, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kódà bí kò bá yé yín. Bó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nídìí àdògán, ó ti yé e.

Tí ọmọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó ṣí orúkọ sí CSES lónìí, kó ṣe Weird Algorithm fúnra rẹ̀ láìwo ti òkè yìí. Kó ṣí orúkọ sí AtCoder ní Ọjọ́ Ẹtì, kó ṣàyẹ̀wò pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń fi kóòdù ránṣẹ́, torí àárín ìdíje kọ́ ni wọ́n ti ń wá ìyẹn. Ní Sátidé, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó ti jẹun, kí fóònù ti ní iná, kí bébà wà nílẹ̀. Ìbéèrè A àti B nìkan ni kó dojú kọ. Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni Beginner Contest máa ń parí. Ìbéèrè C ni ti ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn ilé-kéú.